Ẹ̀rín Tó Ń Ná Wa Lówó

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí kò dùn mọ́ àwa fúnra wa nínú, nítorí ó kan àwa náà. Ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá, níbí ní Òjé, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìkókó tó ń bá wa ṣiṣẹ́ dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìsinmi ìbímọ sínú ìwé tí a fẹ́ kọ sí àwọn ọ̀gá. Ìdajì owó oṣù ni wọ́n san fún mi ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé. Nígbà tí mo sì wọlé padà, wọn ò jẹ́ kí n ráyè fún ọmọ lọ́mú." Kó tó parí ọ̀rọ̀, ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Mama Ajasco, jókòó! Ọkọ ẹ ńkọ́? Ṣé kò lè bọ́ ẹ ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí náà rẹ́rìn-ín. Arábìnrin náà jókòó, kò sì tún la ẹnu mọ́ títí ìpàdé fi tú.

Ìgbà tí a délé ni ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í tì wá. Kí ló pani lẹ́rìn-ín nínú kí ìyá sọ pé ebi ń pa ọmọ òun? Ta ló kọ́ wa ní irú ẹ̀rín yẹn?

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Tẹlifíṣọ̀n wà lára àwọn olùkọ́ wa. Ìlú Ìbàdàn wa yìí náà ni tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tí wọ́n pè é ní WNTV, tí wọ́n sì ń fi yangàn pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Lórí rẹ̀ ni àwọn bàbá wa ti mọ Moses Olaiya, Baba Sala, pẹ̀lú awò ojú ńlá àti ẹgbẹ́ Alawada rẹ̀. The Village Headmaster bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1968. Lẹ́yìn náà ni a mọ Zebrudaya àti ìyàwó rẹ̀ Ovularia nínú The Masquerade. Papa Ajasco jáde nínú ìwé Ikebe Super ti Wale Adenuga ní ọdún 1976, kó tó wá di ará tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà tó yá ni Chief Fuji dé pẹ̀lú ìyàwó rẹpẹtẹ nínú Fuji House of Commotion.

A ò bú àwọn aláwàdà. Òṣìṣẹ́ ni àwọn náà. Wọ́n mú inú wa dùn nígbà tí inú wa kò dùn, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ilé tí wọ́n fi ń hàn wá. Ọkọ lè jẹ́ ahun, ó lè jẹ́ òmùgọ̀, ó lè máa lé obìnrin kiri. Síbẹ̀ òun ni olórí, òun ló ni àga, òun ló ń pàṣẹ. Ìyàwó ńkọ́? Ó ń bínú, ó ń jowú, ó ń béèrè owó ọbẹ̀. A kì í sáàbà rí i níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ rántí Amebo inú The Village Headmaster. Nínú gbogbo ohun tí obìnrin ń ṣe ní abúlé, òfófó ni orúkọ rẹ̀ dúró fún. Títí dòní, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ kiri, "amẹ́bò" ni à ń pè é.

Irú ilé yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn ọmọ wa ń fi fóònù wo àwọn eré àtijọ́ ti Amẹ́ríkà, àwa náà sì bá wọn wò. Méjì nínú wọn kan àwa òṣìṣẹ́ gan-an.

Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà, tiyín rèé. Wọ́n ń pè é ní The Honeymooners, ti ọdún 1955 sí 1956. Ralph Kramden ń wa bọ́ọ̀sì ní New York, dọ́là 62 ni owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀. Ilé rẹ̀ kò ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó máa ń gbéra ga pé ìyàwó òun Alice kò ní ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láàyè. Ó wá di ọjọ́ kan, iṣẹ́ dá sílẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ jókòó sílé. Alice lọ wá iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì náà kò gba obìnrin tó ti lọ́kọ, ni Alice bá ní arákùnrin òun ni Ralph. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ti di ẹ̀gbọ́n nínú ilé ara rẹ̀. Àwa ò rí ẹ̀rín níbẹ̀ mọ́. Irú òfin bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọba lé wa lórí, títí di ọdún 1946 ni obìnrin tó bá ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ bó bá ti lọ́kọ. Ohun tí àwọn ọ̀gá fi ṣe òfin ni àwọn aláwàdà fi ṣe eré.

Ẹ̀yin ará ilé-iṣẹ́, tiyín nìyí. I Love Lucy, ọdún 1952. Ọkọ àti ìyàwó jà lórí iṣẹ́ ta ló le jù. Lucy àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ethel lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ṣokoléètì, àwọn ọkọ sì wọ ilé ìdáná. Àwọn ọkunrin ba ilé ìdáná jẹ́, ìrẹsì hó kún ilẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́, ṣokoléètì ń gba orí bẹ́líìtì kọjá, àwọn obìnrin méjèèjì ń fi bébà wé e. Nígbà tí wọ́n bá a mu díẹ̀, alábòójútó wọn ní kí wọ́n jẹ́ kí bẹ́líìtì náà sáré sí i. Ọwọ́ wọn kò bá a mọ́. Wọ́n ń ki ṣokoléètì bọ ẹnu, wọ́n ń kó o sínú fìlà. Ẹ̀rín ń pa gbogbo ayé. Nígbẹ̀yìn, kálukú padà sí àyè rẹ̀: ọkọ síbi iṣẹ́, ìyàwó sídìí ìkòkò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró nídìí bẹ́líìtì rí, ẹ dá wa lóhùn. Ṣé obìnrin náà ni kò mọ iṣẹ́, tàbí ẹni tó ní kí bẹ́líìtì sáré ló fẹ́ gba iṣẹ́ ènìyàn mẹ́rin lọ́wọ́ ènìyàn méjì? Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin ló dúró níbẹ̀, ṣé ọwọ́ rẹ̀ á bá a? A mọ̀ pé kò ní í bá a. Ṣùgbọ́n nítorí pé obìnrin ni, ẹ̀rín lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀gá sì fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rín. Lucille Ball tó ṣe Lucy yìí kì í ṣe ẹni tí iṣẹ́ ṣòro fún o. Ní ọdún 1962 ó ra ìpín ọkọ rẹ̀ àtijọ́ nínú ilé-iṣẹ́ Desilu, ó sì di ọ̀gá àgbà ibẹ̀. Àwọn obìnrin tó ṣe ìyàwó ilé nínú The Masquerade náà, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe jẹun. Christy Essien, tó ṣe ìyàwó Jegede, òun náà ni olórin tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀.

Àwọn kan á wí pé, "Àṣà wa ni pé ọkọ ló ń bọ́ ìyàwó." Àṣà ta? Ẹ jáde síta ní Òjé yìí ní agogo márùn-ún ìdájí. Iná ta ló kọ́kọ́ ń tàn? Iná alákàrà ni. Ta ló ti gbé ẹ̀kọ kalẹ̀ kí Micra àkọ́kọ́ tó kó èrò lọ sí Bẹẹrẹ? Obìnrin ni. Lọ́jọ́ ọjà aṣọ òkè Òjé, ẹ ka àwọn obìnrin tó ń ná ọjà tí wọ́n sì ń dì í sẹ́rù. Alhaja Humuani Alága jẹ́ oníṣòwò aṣọ ní Ìbàdàn yìí. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Isabatudeen sílẹ̀ ní ọdún 1958, wọ́n sì dá ilé-ìwé gírámà àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní ọdún 1964. Ta ló bi í pé ọkọ rẹ̀ dà?

Ọkọ àtijọ́ tòótọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá kò sọ pé kí ìyàwó má ṣiṣẹ́. Bí ọkùnrin bá gbé ìyàwó tí kò sì wá owó òwò fún un, àwọn ará ilé á máa wò ó bí ẹni tí kò mọ ojúṣe rẹ̀. Ọkọ orí tẹlifíṣọ̀n tó ń fọ́nnu pé òun nìkan lòun ń bọ́ ilé, aṣọ àyálò ni.

Ṣùgbọ́n a ò ní í fi àwọn bàbá wa ṣe áńgẹ́lì. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa tí kò dára ni pé wọ́n ná owó ìyàwó, wọn kò kà á. Owó ìyá ra ìwé, owó ìyá ra oògùn, owó ìyá kún owó orí òrùlé. Nígbà tí ilé parí, wọ́n ní bàbá ló kọ́lé. Ìyá tó ti ọjà dé ní alẹ́ ló tún ń dáná, ló tún ń pọnmi. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di àná.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pàápàá kò bọ́ nínú ẹ̀bi yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, pẹ̀lú àwọn ará Réluwéè tí Michael Imoudu ṣaájú, da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọjọ́. Ìjà ńlá ni, ìjà tó tọ́ ni, a sì ń fi yangàn di òní. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn aṣáájú wa ń sọ fún òyìnbó ni pé ọkùnrin nìkan ló ń bọ́ ìdílé, nítorí náà kí wọ́n fún un ní owó ìdílé. Ta wá ló bọ́ ìdílé ní gbogbo ọjọ́ tí owó iṣẹ́ kò wọlé? Òwò àwọn ìyàwó ni. Àwọn obìnrin ọjà ló ń ta oúnjẹ láwìn fún àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé ìdásẹ́sílẹ̀ náà ró, a kò sì dárúkọ wọn níbi tí a ti ń béèrè.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí ẹ̀rín yìí fi ń ná wa lówó. Bí a bá gbà pé ọkọ obìnrin ló ń bọ́ ọ, ọ̀gá á ní owó díẹ̀ tó o. Bí a bá gbà pé ọkùnrin nìkan ló ń bọ́ ilé, ọ̀gá á ní, "Ṣebí owó tí à ń san fún un nìyẹn, ó sì ń jẹun." Ó mọ̀ pé ìyàwó tó ń ta ata ní Ọjà'ba ló ń di ihò tí owó oṣù kò lè dí. Láti ọdún 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ń fi ₦70,000 bọ́ ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin láìsí kọ́bọ̀ ìyàwó nínú rẹ̀, dìde kí á rí i.

Ẹ̀tọ́ ni ohun tí arábìnrin wa béèrè, kì í ṣe àánú. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 ní kí aboyún tó bá ti ṣe oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó bí àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, kí owó rẹ̀ má sì dín ní ìdajì. Ó ní kí ìyá ọlọ́mọ ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó oṣù wọn pé. Ní ọdún 1974 kan náà ni Nàìjíríà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àgbáyé pé owó kan náà ni kí wọ́n san fún ọkùnrin àti obìnrin tí iṣẹ́ wọn bá tó bákan náà.

A mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní bí obìnrin bá lówó, kì í bọ̀wọ̀ fọ́kọ. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣé ìyá tó bí i kò ní owó tirẹ̀ ní ìdí ìró ni? Ṣé kò bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀ ni? Àwọn mìíràn á ní owó tó wà nílẹ̀ kéré, bí àwọn obìnrin bá mú nínú rẹ̀, tàwa á dínkù. Ohun tí ọ̀gá ń fẹ́ kí á máa rò nìyẹn gan-an. Bí òṣìṣẹ́ kan bá pọ́ọ́kú ní ilé-iṣẹ́, òun ni wọ́n á fi já owó àwọn tó kù wálẹ̀.

Nítorí náà, ní ìpàdé tó ń bọ̀, ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí ẹ dìbò fún. Èkíní, kí owó oṣù ìsinmi ìbímọ pé. Èkejì, kí wọ́n fún àwọn ìyá ní ìdajì wákàtí méjèèjì náà, pẹ̀lú yàrá tó mọ́. Ẹ̀kẹta, kí a yí àkókò ìpàdé wa padà. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tí à ń ṣe é, ìkòkò wà lórí iná. Bí ìpàdé bá ti rí bẹ́ẹ̀, báwo ni obìnrin ṣe máa wá?

Ohun kẹrin kò sí fún ìbò, ti inú ilé kálukú ni. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí kálukú jókòó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, kí wọ́n jọ ka owó tó wọlé àti iṣẹ́ tó wà nílé. Àwa ti ṣe é. Ojú tì wá, ṣùgbọ́n a kò kú.

Arábìnrin wa, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Ẹ padà wá, ẹ wá parí ọ̀rọ̀ yín. Ẹni tó bá tún kígbe láti ẹ̀yìn, àwa aṣojú òṣìṣẹ́ la máa kọ́kọ́ dá a lóhùn.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọwọ́ obìnrin wà níbẹ̀.