Àgbàfipamọ́ Kì Í Ṣe Ogún Ọmọ: Ẹ̀kọ́ Ayé Alhaji Jákàńdè



Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè papòdà ní ẹni ọdún 91, gbogbo ẹnu ló ń yìn ín, títí kan ẹnu àwọn tí wọ́n ti bú u rí. Òun ni gómìnà àkọ́kọ́ tí àwọn ará Ìpínlẹ̀ Èkó fi ìbò yàn. Èmi kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tèmi jẹ́ ìyìn lásán. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú nínú ayé ọkùnrin náà, nítorí ó kan gbogbo wa tí owó ẹlòmíràn ń bẹ lọ́wọ́ wa, ìbáà ṣe ní mọ́ṣáláṣí, ìbáà ṣe ní ọjà.

Ẹ̀pẹ̀tẹ̀dó ní Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1929, ṣùgbọ́n Òmù-Àrán ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló kọ́kọ́ ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Daily Service ní 1949, ó bọ́ sí Nigerian Tribune ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1953, ó sì di ọ̀gá àwọn olóòtú níbẹ̀ ní 1956. Nígbà tí wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ní 1963, Jákàńdè náà wà lára àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi. Ọdún 7 ni wọ́n dá fún un, kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀ ní 1966. Ẹni tí ó bá ti jìyà báyìí nítorí ìṣèlú, bí ó bá dé orí àga, ọ̀pọ̀ a máa rò pé àsìkò tó láti gba owó ìyà òun. Jákàńdè kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1979, wọ́n búra fún un lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ UPN. Kò kó lọ sí ilé ìjọba. Ilé tirẹ̀ ní Ìlúpéjú ni òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ń gbé, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tirẹ̀ ló sì ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Àwọn kan pè é ní àṣehàn. Èmi ní kí ẹ wò ó bí ìwà ọkọ àti bàbá. Ọmọ tí a tọ́ nínú ilé ìjọba lè máa rò pé ti bàbá òun ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ti bàbá òun ni oúnjẹ orí tábìlì. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1983, tí wọ́n sì fi Jákàńdè sí àtìmọ́lé, ìyà jẹ ìdílé rẹ̀ bí ó ti ń jẹ ìdílé ẹnikẹ́ni tí a mú bàbá wọn lọ. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ara wọn ni ìyà náà bá wọn. Òrùlé tó bò wọ́n ní àná náà ló bò wọ́n ní ọjọ́ kejì.

Owó ìlú ńkọ́? Kí ó tó dé, ìdajì àwọn ọmọ Èkó ń lọ sílé ìwé láàárọ̀, ìdajì lọ́sàn-án, nítorí yàrá kò tó. Ó kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kíákíá, ní owó pọ́ọ́kú, ó sì fòpin sí i. Àwọn alátakò rẹ̀ fi yàrá wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n dà bí ilé adìẹ. Àmọ́ inú ilé adìẹ yìí ni ọmọ aláta àti ọmọ kápẹ́ńtà ti kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n di dókítà àti lọ́yà. Ó kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù ní Òkè-Àfà, ní Abẹ́sàn, ní Amúwó-Ọ̀dọ̀fin àti níbòmíràn, orúkọ rẹ̀ ni aráyé sì ń fi pè wọ́n títí dòní. Ìjọba rẹ̀ ló dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1983. Ọkọ̀ ojú irin tí ó dáwọ́ lé, àwọn ológun fagi lé e ní 1985. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ará Èkó tó bẹ̀rẹ̀ sí wọ irú rẹ̀.

N kò ní fi ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìkan hàn yín. Ní 1993, ó gba ipò mínísítà iṣẹ́ òde àti ilé gbígbé lábẹ́ Ọ̀gágun Abacha, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1995, nígbà tí ìbò June 12 tí Alhaji M.K.O. Abíọ́lá jáwé olúborí nínú rẹ̀ ṣì ń dun àwọn èèyàn. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bínú, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ẹ̀sùn wọn ni pé ó bá ológun jókòó. Ẹni a bá ń rántí, ẹ jẹ́ kí á rántí rẹ̀ ní pípé, kí á mú èyí tó dára níbẹ̀ lò.

Èyí tó dára náà ni àmáànà, tí à ń pè ní àgbàfipamọ́. Nínú Súrà An-Nisáì, ẹsẹ 58, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa pé kí á dá àgbàfipamọ́ padà fún ẹni tó ni ín. Òwe tí a fi ń ba àṣẹ yìí jẹ́ ni pé ibi tí ẹni bá ti ń ṣiṣẹ́ ni ó ti ń jẹ. Owó iṣẹ́ ni kí òṣìṣẹ́ jẹ. Ẹni tó jẹ ohun tí a fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, olè ni. Bí a bá sì mú un, yóò ní nítorí àwọn ọmọ òun ni. Ṣé oúnjẹ olè ni ìfẹ́ tí bàbá ń fẹ́ ọmọ?

Ẹ̀yin akápò mọ́ṣáláṣí, ẹ ka sàárà ọjọ́ Jímọ̀ lójú ẹni mẹ́ta, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kà á sí etí jámáà ní ìparí oṣù. Ẹ̀yin alájọ, ẹ má fi owó àjọ ra ọjà pé ẹ ó dá a padà kí ó tó di ọjọ́ ìkó, nítorí ọjà lè kùtà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó àwọn tó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, ẹlòmíràn fi ogún ọdún tọ́jú owó yẹn. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ fi han àwọn ọmọ yín: èyí ni tiwa, èyí kì í ṣe tiwa.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kejì ikú rẹ̀, ni wọ́n sin Alhaji Jákàńdè. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ti dé iwájú Ẹni tí a kò lè parọ́ fún. Tiwa ṣì wà lọ́wọ́ wa. Kí Ọlọ́hun forí jìn ín, kí Ó fi àlùjáńnà kẹ́ ẹ, kí Ó má ṣe jẹ́ kí á kú pẹ̀lú ohun olóhun lọ́wọ́ wa. Àmín.