Aago Mẹ́rin Ọ̀sán Àbámẹ́ta

A ní ọ̀rọ̀ kan láti bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí sọ lórí eré ìdárayá àwọn ọmọ wa: àwọn ta ni tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn wá, àwọn ta ni kò sì fi hàn?

Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi lélẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi bọ́ọ̀lù hàn lójú ẹsẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n wọn láti aago 2:45 sí 5:15 ní ọ̀sán Àbámẹ́ta. Ìdí rẹ̀ ni pé wọn kò fẹ́ kí èrò jókòó sílé wo àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá, kí pápá àwọn ẹgbẹ́ ìlú kéékèèké wá ṣófo.

Ìlànà yìí kò dé ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Nígbà òtútù wọn, aago mẹ́ta Lọ́ńdọ́nù ni aago mẹ́rin tiwa. Bọ́ọ̀lù tí ará Lọ́ńdọ́nù kò lè wò nílé rẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ń sanwó wò ní Òkìtìpupa àti Òde-Ìrèlè. Bí ilé-ẹ̀kọ́ méjì bá ń díje ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ta ni yóò wá wò wọ́n? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ ọgbà yí tiwọn ká. Tiwa kò ní ọgbà.

A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá: ọdún 1959 ni WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 2012, Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ wà lára ẹgbẹ́ mẹ́rin tí ó kù nínú ìdíje àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ ní Áfíríkà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù Arsenal kò lè dárúkọ ẹnì kan nínú tiwọn. Àwọn kan yóò ní ibi tí èrò wà ni tẹlifíṣọ̀n ń lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n báwo ni èrò yóò ṣe fẹ́ràn ohun tí a kò fi hàn wọ́n rí?

Ẹkùn mẹ́ta ni ìpínlẹ̀ Oǹdó ní: àríwá, àárín gbùngbùn àti gúúsù. Ó tọ́ kí tẹlifíṣọ̀n ìjọba máa yí eré ìdárayá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ká ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó kan Òkìtìpupa náà.

Àwa pẹ̀lú ní iṣẹ́ láti ṣe. Bí eré ìje ilé-ẹ̀kọ́ wa bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ nínú oṣù Kejì, aago mẹ́ta òru ni ní Houston. A kò lè ní kí ọmọ wa tí ó wà níbẹ̀ má sùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ya eré náà sínú fídíò, yóò wò ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ka ohun tí ẹ ó fi ta ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ ní àjọ̀dún yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kámẹ́rà kan kún un.