Òróró kọ́ ni máṣíìnì bàbá yín ń béèrè

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀wé ní Ṣómólú níbí.

Arákùnrin kan nínú ìjọ wa gbé ìgò òróró wá bá mi. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí bàbá wọn fi sílẹ̀, kí n lọ ta òróró sí máṣíìnì. Heidelberg àtijọ́ ni, èyí tó ní apá méjì tó ń yí bírí bó ṣe ń mú pépà lọ́kọ̀ọ̀kan. Látìgbà tí bàbá ti kú, máṣíìnì yìí ò ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́ta kó má bàjẹ́. Wòlíì kan ti sọ fún wọn pé àbúrò bàbá wọn tó ń gbé ní Ìlàjẹ, Bàrígà, ló so ó mọ́lẹ̀. Wọn ò kí bàbá yẹn mọ́.

Mo tẹ̀ lé e o. Ṣùgbọ́n kí n tó ṣí ìgò, mo bi ọ́pẹrétọ̀ wọn: kí ló ń bàjẹ́ gan-an?

Ìdáhùn ẹ̀ ló jẹ́ kí n máa kọ èyí. Òrùka irin kékeré kan wà lára máṣíìnì yìí. Àwọn tó ṣe é dìídì fi síbẹ̀ kó lè ṣẹ́ ni. Bí ohun tí wọ́n ń tẹ̀ bá nípọn jù, tàbí tí irin kan bá já bọ́ síbi tó ti ń tẹ̀, òrùka yìí ló máa ṣẹ́, kí ohun ńlá má baà bàjẹ́. Ẹ máa fi òmíràn síbẹ̀ ni, iṣẹ́ á máa lọ. Àwọn ọmọ ní ó ti ń ṣẹ́ jù. Wọ́n gbé e lọ bá ọ̀gá kan tó ń gbẹ́ irin, ó sì bá wọn fi irin líle gbẹ́ èyí tí ò ní ṣẹ́ láéláé. Lóòótọ́, kò ṣẹ́ mọ́. Apá irin ńlá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló là.

Ṣé àbúrò bàbá ló gbẹ́ irin yẹn?

Ẹ má bi mí pé kí ló kan pásítọ̀ nínú ọ̀rọ̀ máṣíìnì. Míṣọ́nnárì Henry Townsend ló gbé Ìwé Ìròyìn jáde l'Abẹ́òkúta ní 1859. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ àti ìjọ Ọlọ́run ti jọ ń bọ̀ tipẹ́.

Èrò mi nìyí, mi ò sì ní fi bò: ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní ọ̀tá ilé bàbá nínú ṣọ́ọ̀bù wa, páńda la fi sínú máṣíìnì. Wọ́n kọ "Original Heidelberg" gàdàgbà sí i lára, àwa wá ń ki ayédèrú sí i nínú.

Àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, ẹ̀yin náà ò nígbàgbọ́." Ẹ ṣí 2 Àwọn Ọba orí 6. Nígbà tí irin àáké bọ́ sódò, Èlíṣà kọ́kọ́ béèrè ibi tó bọ́ sí ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ni irin tó léfòó. Bí wòlíì Ọlọ́run bá lè béèrè, ta ni èmi tí mi ò ní béèrè?

Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù. Ẹ rọra. 1914 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú máṣíìnì yìí jáde ní Jámánì, 1985 ni wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe é. Síbẹ̀, tí ara ẹ̀ bá pé, ó lè mú pépà bí 5,000 ní wákàtí kan. A ò fi bẹ́ẹ̀ fi í tẹ̀wé mọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń fi nọ́ńbà sí rìsíìtì, òun ló ń gé páálí, òun ló ń fa ibi tí páálí máa ti ká. Láti Shipeolu dé Bajulaiye, ẹ mọ iye ilé tí irú iṣẹ́ yìí ti rán ọmọ níléèwé.

Owó ńkọ́? Òótọ́ ni, ojúlówó pátì wọ́n. Ẹ fi sùúrù wá a lára máṣíìnì tí wọ́n ti tú. Ẹ ṣírò iye ìgbà tí ẹ ti ra páńda, kí ẹ ka iṣẹ́ oníbàárà tó ti bọ́ lọ́wọ́ yín mọ́ ọn. Bó bá sì ti kú pátápátá, ẹ tà á, kí ẹ pín owó náà lójú gbogbo mọ̀lẹ́bí. Irin ni, kì í ṣe òrìṣà.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àgbà. Bàbá Ìlàjẹ tí wọn ò kí mọ́ yìí, òun ló bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí máṣíìnì yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo mú àwọn ọmọ lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, kò dá wọn lóhùn, ó wọ yàrá lọ. Ó mú agolo mílíìkì kan jáde. Òrùka irin márùn-ún ló wà nínú ẹ̀, ojúlówó, ó fi pépà wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n tọ́jú wọn. Ẹ ò wá béèrè ni."

A ṣì ń wá apá irin tó là yẹn. Bàbá fúnra wọn ló ń bá wa wá a kiri. Ìgò òróró náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ tí máṣíìnì bá ṣiṣẹ́, orí bàbá yẹn ni màá kọ́kọ́ ta á sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ta ni wọ́n ní kí ẹ má kí mọ́ nínú ẹbí yín? Ẹ pè é lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Olúwa á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Bí ẹ bá gbà á, ẹ kọ Àmín, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan.