Ẹ Má Pín Ẹrù ní Dọ́gba: Ọ̀rọ̀ Tọkọtaya, Kẹ̀kẹ́ àti Òkè Pamir

Tọkọtaya tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ gba àárín òkè kọjá, tí wọ́n á máa sun inú àgọ́ lálaalẹ́, kò gbọdọ̀ pín ẹrù wọn ní dọ́gba. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa bá mi jà. "Ṣebí ìdọ́gba la ń wí láyé òde òní?" Bẹ́ẹ̀ ni o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé e lé ìṣirò ná. (Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí o, kì í ṣe Márúwá.)

Ọ̀nà tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni ọ̀nà Pamir, tí wọ́n tún ń pè ní M41. Láti ìlú Osh ní Kyrgyzstan ló ti wọ Tajikistan lọ. Àwọn tọkọtaya láti oríṣiríṣi ilẹ̀ máa ń gun kẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀ nígbà ooru, fídíò wọn sì kún orí YouTube. Osh fi nǹkan bíi 1,000 mítà ga ju òkun lọ. Ak-Baital, ibi tó ga jù lójú ọ̀nà náà, jẹ́ 4,655 mítà. Abúlé ò pọ̀ lọ́hùn-ún, ilé ìwòsàn tún wá ṣọ̀wọ́n. Oúnjẹ, àgọ́, aṣọ òtútù, sítóòfù, gbogbo ẹ̀, orí kẹ̀kẹ́ ló máa wà.

Ó yá, ìṣirò. Ká ní ìyàwó wúwo tó 55 kílò, ọkọ 80. Kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 15, àpapọ̀ ẹrù jẹ́ 50. Tí wọ́n bá pín ẹrù ní 25-25, ìyàwó ń gbé 95 kílò gun òkè, ọkọ ń gbé 120. Ká tún ní ẹsẹ̀ ìyàwó lè mú agbára 90 wáàtì wá fún wákàtí mélòó kan láìdúró, ti ọkọ 150. Láti gun 1,000 mítà sókè, tí a bá ka iṣẹ́ tí òòfà ilẹ̀ ń béèrè nìkan, ọkọ á débẹ̀ ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 11. Ìyàwó á débẹ̀ ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 53.

Ẹ rí i báyìí? Ìṣẹ́jú 42 ni ọkọ á fi dúró sókè, pẹ̀lú aṣọ tí òógùn ti mu, nínú atẹ́gùn tútù. Ìgbà tí ìyàwó bá sì dé, tó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ọkọ ti sinmi tán, ó fẹ́ máa lọ. Ìjà dé nìyẹn.

Ẹ wá gbé kílò 14 kúrò lórí kẹ̀kẹ́ ìyàwó sórí ti ọkọ. Ìyàwó ru 11, ọkọ ru 39. Àwọn méjèèjì á dókè pọ̀ ní nǹkan bíi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 27. Ẹni tó lọ́ra fi ìṣẹ́jú 26 yára sí i, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sì ṣe ju agbára rẹ̀ lọ. Ìka ò dọ́gba, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́. Làálàá ló yẹ kó dọ́gba, kì í ṣe kílò.

Kí ẹnikẹ́ni má lọ fi èyí pe obìnrin ní ọ̀lẹ o. Fanny Bullock Workman àti ọkọ rẹ̀ William, ará Amẹ́ríkà, gun kẹ̀kẹ́ la Algeria, Sípéènì àti Íńdíà kọjá ní ìparí ọ̀rúndún 19. Ní 1906, Fanny yìí kan náà gun Pinnacle Peak ní Himalaya, òkè tó lé ní 6,900 mítà. Tó bá jẹ́ ìyàwó ló lágbára jù nílé tiyín, ẹ yí nọ́ńbà padà. Wáàtì ò mọ ọkùnrin, kò mọ obìnrin.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀mí gan-an nìyí. Físíọ́lọ́jì ni mò ń kà fún oyè kejì, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ èyí dájú: agbára ẹsẹ̀ ò dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àìsàn òkè gíga. Afẹ́fẹ́ Ak-Baital ṣì ní ọ́síjìn 21 nínú ọgọ́rùn-ún bíi ti Èkó, àmọ́ ìfúnpá rẹ̀ ò ju nǹkan bíi 56 nínú ọgọ́rùn-ún ti etí òkun lọ. Omi á ti hó ní bíi 85°C, torí náà ẹ gbàgbé ẹ̀wà. Ọ́síjìn tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ náà á dínkù. Ẹni tó ru kílò 39 lè jẹ́ ẹni tí orí máa kọ́kọ́ fọ́, tí èébì máa kọ́kọ́ gbé.

Òfin tí àwọn dókítà òkè ń tẹ̀ lé rọrùn. Tí ẹ bá ti kọjá 3,000 mítà, ibi tí ẹ máa sùn lálẹ́ kan ò gbọdọ̀ fi ju 500 mítà lọ ga ju ti àná. Ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ sinmi lọ́jọ́ kan. Orí ń fọ́, inú ń ru? Ẹ má gòkè sí i. Tó bá ń le sí i, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Sísọ̀ kalẹ̀ yìí ni wàhálà Pamir. Abúlé Karakul wà ní nǹkan bíi 3,900 mítà, láàárín ọ̀nà òkè Kyzyl-Art tó lé ní 4,200 àti Ak-Baital. Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà nínú méjèèjì, ẹ máa kọ́kọ́ gòkè kí ẹ tó lè sọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ẹ fi alẹ́ kan kún un ní Sary-Tash, ní 3,170 mítà, kí ẹ tó wọ ibẹ̀.

Níbí ni jíjẹ́ méjì ti wúlò jù. Tí ọpọlọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹni náà á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dàrú, á sì máa ní kò sí nǹkan tó ṣe òun. Orí tó ń dàrú kì í mọ̀ pé òun ń dàrú. Ẹnìkejì ló máa rí i. Ẹ ní kó rìn tààrà, kó máa fi gìgísẹ̀ kan ìka ẹsẹ̀. Tí kò bá lè ṣe é, ìsọ̀kalẹ̀ ló kù, àní lóru.

Ẹ má sì torí òtútù dáná nínú àgọ́ tí ẹ ti pa dé. Gáàsì carbon monoxide tó ń ti ara jẹnẹrétọ̀ pa odindi ìdílé níbí náà ló ń ti ara sítóòfù jáde. Orí fífọ́ ni òun náà fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ lè rò pé àìsàn òkè ni.

Ní tèmi, ẹni tó lọ́ra ló yẹ kó wà níwájú, ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ló yẹ kó ní àṣẹ láti sọ pé "ó tó". Kí ẹnìkejì má rojọ́, kó má ya fídíò, kó kàn yí kẹ̀kẹ́ padà. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Òkè Pamir ò ní kúrò níbẹ̀, tí ẹ bá tún fẹ́ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.