Ìgbàgbé Àgbà Kì í Ṣe Ẹjọ́ Eégbọn

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń tọ́jú arúgbó ní Maryland àti Pennsylvania, ẹ ó ti gbọ́ ọ: pé àrùn Lyme ló wà nídìí àrùn ìgbàgbé Alzheimer, pé bí wọ́n bá ti rí àmì Lyme nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá tó ń ṣarán, àṣírí ti tú, kí wọ́n máa fún un ní oògùn apakòkòrò títí iyè rẹ̀ yóò fi padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí ń jẹ owó, ó sì ń pa èèyàn.

Àrùn Lyme fúnra rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ìlú Lyme ní Connecticut ló ti gba orúkọ, níbi tí àwọn ìyá kan ti figbe ta ní 1975 pé oríkèé ara ń wú àwọn ọmọ àwọn. Ọmọ eégbọn tó sábà ń kó o ranni kò tóbi ju èso ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lọ. Ó lè lẹ̀ mọ́ni lẹ́yìn orúnkún lọ́jọ́ méjì láìfura.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Kì í wá kòkòrò. Ohun tí ara ṣe láti fi bá kòkòrò jà ló ń wá, ìyẹn sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí àrùn ti lọ. Àgbẹ̀ ẹni ọdún 80 ní Connecticut, tí eégbọn jẹ nígbà tó wà lẹ́ni 60, lè ní in síbẹ̀. Bó bá wá ń gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, ta ló sọ pé eégbọn ọjọ́sí ló fà á?

Wọ́n á ní, Kris Kristofferson, olórin tó ń gbàgbé nǹkan, ńkọ́? Lóòótọ́, ní 2016, ìyàwó olórin náà sọ fún àwọn oníròyìn pé ìtọ́jú Lyme ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dá ọkọ òun padà. Inú mi dùn fún wọn. Àmọ́ ìròyìn yẹn kan náà ló sọ pé ó ti pa oògùn Alzheimer àti ti ìrẹ̀wẹ̀sì tì. Èwo ló ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì?

Ní Denmark, wọ́n tẹ̀ lé àwọn tó lé ní 2,000 tí Lyme ti wọ ọpọlọ tàbí iṣan ìmọ̀lára wọn. Ìṣarán kò pọ̀ láàárín wọn ju ti àwọn yòókù lọ. Ní Strasbourg, nílẹ̀ Faransé, nínú aláìsàn ìgbàgbé 1,594, 20 péré ni omi ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fi Lyme hàn, 13 nínú wọn sì tún ní àrùn ọpọlọ mìíràn. Àwọn 7 tó kù gbádùn lẹ́yìn oògùn. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú di àwọn 7 yìí: ẹ̀tọ́ wọn ni ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n omi ọ̀pá ẹ̀yìn la fi dá wọn mọ̀.

Ìtọ́jú ọ̀hún kì í ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Àwọn tó ń fà á di oṣù, di ọdún, ẹ bi wọ́n léèrè nípa 2017, nígbà tí CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, ròyìn aláìsàn márùn-ún tí irú àṣejù bẹ́ẹ̀ kó àrùn líle bá. Ẹni tó kú wà nínú wọn. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kì bọ iṣan fún oògùn, kòkòrò mìíràn lè gba ibẹ̀ wọlé.

Kí ẹbí tó ta ilé nítorí ìtọ́jú Lyme, ṣé wọ́n ti yẹ fítámì B12 bàbá wò? Táírọ́ọ̀dù rẹ̀ ńkọ́? Oògùn oorun tó ń lò lálaalẹ́ ńkọ́? Gbogbo ìwọ̀nyí lè da iyè àgbà rú, wọ́n sì ṣeé tún ṣe. Ẹ béèrè wọn lọ́wọ́ dókítà lọ́sẹ̀ yìí.