Ẹ Ṣọ́ Ilẹ̀kùn Tí Ẹ Ń Gbà Wọ Íntánẹ́ẹ̀tì

Ó ṣọ̀wọ́n lónìí kí á rí olùkọ́ tí kì í fi fóònù rẹ̀ wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni ó ti ń ṣe ìwádìí fún iṣẹ́ kíláàsì. Ibẹ̀ ni ó ti ń bèèrè nípa àìsàn tí kò tíì sọ fún aya tàbí ọkọ. Ibẹ̀ náà ni ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ti ń ka ìròyìn ẹgbẹ́ tirẹ̀ àti ti alátakò. Ilẹ̀kùn tí gbogbo wọn ń gbà wọlé ni aṣàwákiri, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní bráúsà.

Èyí tí ó gbòde jù lọ ni Chrome ti ilé-iṣẹ́ Google, tí ó jáde ní 2008, tí ó sì máa ń wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù Android kí a tó rà wọ́n. A kì í san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ǹjẹ́ a ti bi ara wa léèrè ibi tí owó ìtọ́jú rẹ̀ ti ń wá? Ìpolówó ọjà ni Google fi ń pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń polówó ọjà kò lè ṣe aláìfẹ́ mọ ohun tí oníbàárà ń wá àti ohun tí ń bà á lẹ́rù. Àwọn kan gbójú lé ojú ewé ìkọ̀kọ̀ tí a ń pè ní Incognito. Ìyẹn lè fi ohun tí a kà pamọ́ fún ẹni tí ó bá gbé fóònù wa. Kò fi í pamọ́ fún ibi tí a lọ kà á. Ní 2020 ni a pe Google lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀ràn yìí, ní 2024 ni ó sì gbà láti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù àkọsílẹ̀ run.

Àwọn mìíràn ti dìde, wọ́n ń kéde pé aṣàwákiri tiwọn kì í tú àṣírí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dá aṣọ fún wa, ti ọrùn rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ wò. Brave ń dí ìpolówó ọjà láti ọjọ́ tí a bá ti gbà á, a sì yìn ín fún èyí. Àmọ́ wọ́n di àpò owó kirípítò, ìpolówó ọjà tirẹ̀, àti olùrànlọ́wọ́ AI mọ́ ọn. Ní 2020, a ká a mọ́ ibi tí ó ti ń fi àmì èrè tirẹ̀ kún àdírẹ́sì tí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀, kí ó tó tọrọ àforíjì. Firefox ti Mozilla pàápàá ní àbùkù: ní December 2017 ó fi àfikún kan tí ń polówó eré tẹlifíṣọ̀n sínú aṣàwákiri àwọn ènìyàn láìbéèrè. Kí ló dé tí ẹni tí ó wá ra àgádágodo yóò fi bá ìsọ̀ ọjà lára rẹ̀?

Ní tiwa, èyí tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ ni a fara mọ́. Lórí kọ̀ǹpútà, LibreWolf dára. Ara Firefox ni a ti ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ohun tí ń ròyìn ìlò wa fún Mozilla kúrò, wọ́n sì fi uBlock Origin, tí ń dí ìpolówó ọjà àti àwọn atọpinpin, sínú rẹ̀. Mullvad Browser, tí ó jáde ní 2023, kò kéré sí i. Kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì fún fóònù Android, bẹ́ẹ̀ ni orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa wà. Kí àwọn wọ̀nyí gba Firefox, kí wọ́n fi uBlock Origin kún un, kí wọ́n lọ sínú Settings, kí wọ́n pa ìròyìn ìlò tí ó ń fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ àkókò ìsinmi kan ní ilé-ìwé ni. Ìpolówó ọjà tí kò bá wọlé kò ní jẹ dátà, ẹni tí ó bá sì ń fi owó oṣù olùkọ́ ra dátà yóò mọ ohun tí à ń wí.

Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìròyìn ẹgbẹ́ tí ìlú kan ń kà lóru ti mọ púpọ̀ nípa ìlú náà kí ọjọ́ ìbò tó dé, òfin kò sì lè bá wa yan aṣàwákiri. Àwọn ọmọdé kò tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ yíyàn kankan ní ilé-ìwé. Ohun tí wọ́n bá bá lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń lò. Nítorí náà, a ń rọ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé pé, kí sáà tí ń bọ̀ tó wọlé, kí wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wo ohun tí ó wà nínú aṣàwákiri rẹ̀, kí wọ́n sì yọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè fún.