Bàtà Òjò: Ta Ló Yẹ Kó Sanwó Rẹ̀?



Ẹni tó bá ti la àgbàrá Addo kọjá lóṣù kẹfà mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì, ilẹ̀ wa sì rẹlẹ̀. Ká tó dé ẹnu iṣẹ́, bàtà ti mu omi yó.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, àwọn ọ̀gá lẹ ìwé mọ́ pátákó: kí oníkálukú tọ́jú bàtà rẹ̀, bí ti ẹnikẹ́ni bá bàjẹ́, wọn yóò yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù. Wọ́n sì yọ tèmi. Bẹ́ẹ̀, gọ́tà inú fáktírì dí, omi tí a fi ń fọ ẹ̀rọ sì ń mù wá dé ọrùn ẹsẹ̀.

N kò ní kí a má tọ́jú bàtà o. Ẹ nu ẹrẹ̀ kúrò. Bí omi ọ̀sà bá kàn án, ẹ fi omi mímọ́ ṣan iyọ̀ rẹ̀. Ẹ ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, nítorí awọ yóò le, yóò sì sán. Bó bá gbẹ tán, ẹ fi pólíìṣì pa á, pàápàá jù lọ ojú ibi tí wọ́n ti rán an.

Ṣùgbọ́n pólíìṣì kò lè sọ bàtà awọ di ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó ń dúró nínú omi láti àárọ̀ dalẹ́, bàtà rọ́bà ló yẹ ẹ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa bó. Òfin Fáktírì ti 1987 sọ ọ́ gbangba: níbi tí iṣẹ́ bá ti ń fi òṣìṣẹ́ sínú omi, dandan ni kí wọ́n pèsè aṣọ àti bàtà ààbò tó yẹ, kí wọ́n sì máa tọ́jú wọn. Òfin kan náà ni kò gbà kí onífáktírì yọ owó ohun tí òfin ní kó pèsè nínú owó iṣẹ́ wa.

Ẹ̀yin awakọ̀ àti kọ̀ndọ́kítọ̀, fáktírì ni òfin yìí ń bá wí, kì í ṣe ojú títì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ bàtà òjò sínú àdéhùn wa.

Ẹ má fọwọ́ sí ìwé ìyọwó kankan; ẹ mú un wá fún aṣojú ẹgbẹ́ yín. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwa yóò nu bàtà. Kí àwọn náà la gọ́tà, kí wọ́n ra rọ́bà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà!